Bí a ṣe lè tètè kúrò nídìí ẹ̀rọ omi àjọlò lọ́jọ́ ìfọṣọ

Láàárọ̀ Sátidé, ìdí ẹ̀rọ omi àjọlò l'Ógbómọ̀ṣọ́ kì í gba ẹni tó fẹ́ dá dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ṣíṣan aṣọ ló ń dá èèyàn dúró síbẹ̀ jù, ọṣẹ àpọ̀jù ló sì ń fà á.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni kí fífọ parí nínú ilé. Lálẹ́, bu omi lítà 10 sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, po ọṣẹ lúbúlúbú ṣíbí ìjẹun 2 sí i kó yòrò tán, kí o tó kó aṣọ sí i. Omi òjò ló dára jù. Bí omi kànga bá le, ìyẹn ni pé ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, ọṣẹ ìfọṣọ oníbùlọ́ọ̀kù á dì mọ́ aṣọ bí èérí funfun, nítorí náà lúbúlúbú ni kí o lò. Ya àdìrẹ sọ́tọ̀, aró rẹ̀ lè ṣàn. Má jẹ́ kí aṣọ tó o rẹ ju òru kan lọ nínú omi, á máa rùn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, fọ̀ ọ́, kí o sì fún un gbẹ dáadáa. Fífún yìí ni àṣírí ibẹ̀: omi ọṣẹ tó bá kù lára aṣọ ló ń sọ ṣíṣan di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló kù nídìí ẹ̀rọ. Aago 2 ọ̀sán náà dára, oòrùn ti lé èrò wọlé.