Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Gbọ̀ngàn Àtijọ́ Tí Èrò Ti Ń Dúró De Bàálù ní JFK

Bí ẹ bá ní wákàtí mélòó kan láàrin bàálù kan sí òmíràn ní pápákọ̀ òfurufú JFK ní New York, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin AirTrain, tí wọn kì í gba owó láàrin tẹ́míná kan sí èkejì, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Tẹ́míná 5, kí ẹ sì béèrè TWA Hotel, ilé tí ó jẹ́ tẹ́míná ilé-iṣẹ́ bàálù TWA (Trans World Airlines) tẹ́lẹ̀. Eero Saarinen ni ó ya àwòrán ilé náà, wọ́n ṣí i ní 1962, ó sì di òtẹ́ẹ̀lì ní 2019.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ibi ìjókòó pupa tó rì wọlẹ̀ láàrin gbọ̀ngàn, nítorí níbẹ̀ ni èrò ti máa ń wo bàálù láti ojú fèrèsé gíláàsì ńlá. Ẹ tẹ́tí sí pátákó àkókò ọkọ̀, tí àwọn ewé pẹlẹbẹ onílẹ́tà ara rẹ̀ ń yí, tí wọ́n ń dún pẹkẹpẹkẹ. Èmi gbà pé òun ló ṣeyebíye jù lọ níbẹ̀.

Ẹ tètè padà, nítorí ẹ óò tún la àyẹ̀wò ara àti ẹrù kọjá, èyí tí kò di dandan fún gbogbo èrò bàálù ní Amẹ́ríkà títí di 1973.