Ọjọ́ tí ara bá yá gan-an ni kí ẹ ṣọ́ra: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwa obìnrin tó ní fibromyalgia

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo jí, ara mi fúyẹ́. Ẹni tó ní fibromyalgia, àìsàn tó ń mú kí ara máa roni káàkiri fún ìgbà pípẹ́, mọ bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti fọ aṣọ ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti nu ilé, mo ti lọ sọ́jà Bódìjà, mo sì tún fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fò sókè sódò níwájú fídíò eré ìdárayá. Nígbà tó fi di Mọ́ńdè, mi ò lè gbé ife tíì dẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ará ilé ń sọ pé eré ìdárayá ló dá mi dùbúlẹ̀.

Irọ́ ni. Bí mo ṣe ṣe é ló dá mi dùbúlẹ̀. Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn: ká máa fi ọjọ́ tí ara yá san gbèsè iṣẹ́ ọjọ́ tí ara ò yá. Ìrora á gbé wa ṣánlẹ̀, a ó sùn títí ara á fi le gbagidi, bí ara bá tún yá díẹ̀, a tún bẹ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n iṣẹ́ àti eré ìdárayá yín dúró sójú kan. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ lè rìn lọ́jọ́ tí ara ò fi bẹ́ẹ̀ dá, márùn-ún náà ni kí ẹ rìn lọ́jọ́ tó dà bíi pé ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé Mọ́níyà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí wàhálà, ẹ fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un. Aago fóònù ni mo ń lò. Bó bá ti dún, mo jókòó, ì báà ṣe ìdajì ilẹ̀ ni mo tíì gbá. Àbúrò ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹ̀; kò kàn mí.

Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ fẹ́ mira rárá, torí wọ́n rò pé ńṣe ni ìrora ń fi hàn pé nǹkan ń bàjẹ́ nínú eegun. Àìsàn yìí kì í jẹ oríkèé bíi làkúrègbé. Ọpọlọ ló dà bí ajá tó ń gbó ewé tó já bọ́ bíi pé olè ló wọlé. Nínú ìmọ̀ràn tí EULAR, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ara ní Yúróòpù, tún ṣe ní 2016, eré ìdárayá nìkan ni wọ́n fọwọ́ sọ̀yà fún pátápátá nínú gbogbo ìtọ́jú tí wọ́n yẹ̀ wò.

Kò sì dìgbà tí òógùn bá bò yín. Ní 2018, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé ìwádìí kan jáde láti Boston, lórí àwọn 226 tó ní fibromyalgia. Wọ́n fi tai chi, eré jẹ́jẹ́ àwọn ará Ṣáínà, wé eré tó ń mú èémí yára. Eré jẹ́jẹ́ yẹn ò gbẹ́yìn rárá. Bí ẹ bá ń rìn, ẹ gbọ́dọ̀ lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀ geere. Ẹ má sì gbé oògùn ara ríro mì kí ẹ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní jẹ́ kí ẹ mọ ibi tó yẹ kí ẹ dúró. Ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ nílẹ̀ England, ní 2021 tiẹ̀ sọ pé kí dókítà má ṣe bẹ̀rẹ̀ paracetamol tàbí ibuprofen fún irú ìrora yìí.

Ó ku ti ìsinmi ara. Edmund Jacobson, dókítà kan ní Chicago, ló gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ láyé ọjọ́un: ká fún iṣan mọ́ra, ká wá tú u sílẹ̀. Àwa a máa fún un bí ẹni fún aṣọ, iṣan á wá ká kò. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí ẹní, tìmùtìmù lábẹ́ orúnkún, màá di ọwọ́ òsì bí ẹni mú ẹyin adìẹ, màá ka márùn-ún, màá tú u. Ọwọ́ á wúwo, á sì móoru. Lẹ́yìn náà ni màá kan èjìká, màá kan párì. Ibi tó ń dùn mí jù ni mo máa ń ṣe kẹ́yìn, nígbà míì mi ò ní fún un rárá, màá kàn mí jáde.

Mímí náà ńkọ́? Èjìká kọ́ ló yẹ kó máa gòkè, ikùn ni. Ẹ gbé ọwọ́ lé e, kí èémí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ. Ẹ má dúró dìgbà tí ìrora bá ti le kí ẹ tó rántí ẹ̀, ẹ má sì ṣe é nígbà tí ìkòkò wà lórí iná.

Ìyá ọkọ mi fi òrí gbígbóná wọ́ mi lẹ́yìn nígbà kan, ó fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, mo sunkún bí ọmọdé. Ìgbóná náà dáa, títẹ̀ yẹn ni kò dáa. Mo sọ fún ìyá ọkọ mi bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n bínú díẹ̀.

Bí oríkèé bá wú tó sì gbóná, tàbí tí àyà ń dùn yín, ẹ má kó o pọ̀ mọ́ fibromyalgia, ẹ tètè lọ rí dókítà.

Ní Sátidé tó kọjá, ara mi tún yá. Aago dún, ìdajì aṣọ ṣì wà nínú báàfù. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ jókòó. Nígbà tí mo padà débẹ̀ nírọ̀lẹ́, ọmọ mi obìnrin ti ṣàn án, ó ti sá a, àmọ́ kò fún omi ara aṣọ náà dáadáa, omi ń ro tó tó tó sílẹ̀.