Ẹ má tún àṣẹ tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo terminal (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) lójoojúmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi thefuck, ètò tó ń tún àṣẹ tí ẹ ṣì tẹ̀ ṣe, sórí kọ̀ǹpútà yín. Orúkọ rẹ̀ kò ṣeé pè níwájú àgbà, àmọ́ ẹ lè fún un ní orúkọ míì: ẹ kọ eval $(thefuck --alias tunse) sínú .bashrc, fáìlì ètò bash tó ń gba àṣẹ yín. Tí ẹ bá ṣèèṣì tẹ git brnch, ẹ kàn tẹ tunse. Á gbé git branch wá, ẹ ó sì tẹ Enter. Sudo (tó ń fún àṣẹ ní agbára alábòójútó) tí ẹ gbàgbé náà, á fi kún un.

Ẹ má ṣáà lo --yeah, tó ń ṣiṣẹ́ láì bi yín o! Tí rm, àṣẹ ìpàrẹ́, bá kọ̀ láti pa fódà rẹ́, rm -rf ló máa dábàá, ìyẹn á sì pa fódà náà àti gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ láì béèrè. Ẹ kà á dáadáa. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, Ctrl+C.