Bí mo ṣe ń fi abẹ́rẹ́ gún kókó inú ẹ̀dọ̀fóró

Ẹ fa abẹ́rẹ́ padà sínú ike rẹ̀ pátápátá kí ẹ tó tì í gba inú bronchoscope (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníkámẹ́rà tí à ń tì gba ọ̀nà atẹ́gùn wọ ẹ̀dọ̀fóró). Ṣóńṣó tó bá yọ síta á dá ihò sí ẹ̀rọ olówó iyebíye lára. Èmi kì í fọwọ́ kan kókó kí n tó gún lymph node (ẹ̀yà ara kékeré tó ń gbógun ti àrùn), bó ti wù kí wọ́n máa kán mi lójú tó: sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ lè mú ká sọ pé àìsàn ti tàn nígbà tí kò tàn. Àárín eegun rírọ̀ méjì lára ọ̀nà atẹ́gùn ni kí ẹ gún. Ẹ fa síríńjì, kí ẹ máa ti abẹ́rẹ́ síwá-sẹ́yìn ní ìgbà 10 sí 15. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ló ń rú wá? Ẹ dẹwọ́ síríńjì, ẹ wá ibòmíì. Ẹ tẹ́ èyí tẹ́ ẹ rí sórí gíláàsì, kí ẹ rì í sínú ethanol 95% lójú ẹsẹ̀, kó má gbẹ.