Owó oṣù òkè òkun: ẹ wo iye tó máa ṣẹ́kù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé

Tí lẹ́tà iṣẹ́ bá ti òkè òkun wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣẹ́ owó yẹn sí owó ìlú yín. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lọkàn máa kọ́kọ́ lọ, àmọ́ níbẹ̀ lẹ ti máa gba owó yẹn, níbẹ̀ náà lẹ ti máa sanwó ilé, sanwó ọkọ̀, jẹun, torí náà iye tó máa ṣẹ́kù tóṣù bá parí lẹ máa wò.

Owó inú lẹ́tà, ti ọdún ni lọ́pọ̀ ìgbà, wọn ò sì tíì yọ owó orí. Ẹ wá ẹ̀rọ tó ń ṣírò owó oṣù fún orílẹ̀-èdè yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ rí iye tó máa wọ àkáǹtì gan-an. Ní Jámánì, yàtọ̀ sí owó orí, wọ́n á tún yọ owó ìlera àti ti ìfẹ̀yìntì. Dubai kì í yọ owó orí nínú owó oṣù, àmọ́ ọ̀pọ̀ onílé ibẹ̀ ló ń fẹ́ kí wọ́n san owó ilé ọdún kan ní ìdá díẹ̀, kì í ṣe lóṣooṣù, ẹ ní láti ní owó gidi lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Owó ilé gan-an ló ń jẹ owó jù. Ẹ wo ilé tí wọ́n fẹ́ fi rẹ́ǹtì lónìí, ládùúgbò tẹ́ ẹ ti lè dé ibiṣẹ́, torí ilé tó pọ́ọ́kú tó bá jìnnà, owó ọkọ̀ á gba èrè ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ka ìkéde ilé náà dáadáa o. Ní Jámánì, tí wọ́n bá kọ Kaltmiete, owó tó ń mú ilé gbóná ò sí nínú ẹ̀, onílé sì lè gba Kaltmiete oṣù mẹ́ta sílẹ̀ fún ìdógò, ilé míì ò tiẹ̀ ní síǹkì nínú kíṣìnì, ẹ̀yin lẹ máa rà á.

Owó ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń ká èèyàn mọ́. Fún ọ̀pọ̀ físà iṣẹ́ UK, àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ń san £1,035 lọ́dún fún ìlera, ọmọdé £776, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń gba ti gbogbo ọdún físà yẹn. Tọkọtaya àti ọmọ kan, ọdún 3, £8,538 nìyẹn, owó físà gan-an ò tíì wọ̀ ọ́. (Àwọn tó ń lọ fiṣẹ́ ìlera kì í san án.) Tẹ́ ẹ bá lọ́mọ kékeré, ẹ béèrè owó tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá físà yẹn gba ẹnì kejì yín láyè láti ṣiṣẹ́.

Ẹ wá yọ gbogbo ẹ̀ kúrò. Tí ohun tó ṣẹ́kù ò bá ju iye tẹ́ ẹ ń fi pamọ́ níbi tẹ́ ẹ wà báyìí, lójú tèmi, ẹ dúnàádúrà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Tí wọ́n bá ní àwọn máa gbé owó físà tàbí ti ilé, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì sọ bóyá ẹ máa dá a padà tẹ́ ẹ bá tètè fiṣẹ́ sílẹ̀.