Ẹ Má Fi Ìkánjú Pa Máṣíìnì Singer Àtijọ́: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Máṣíìnì Singer tí ìyá àgbà pa tì sábẹ́ àtẹ̀gùn láti nǹkan bí ogójì ọdún ṣì lè dìde kó rán bùbá. Irin rẹ̀ nípọn, àwọn tó ṣe é kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ wọn. Àmọ́ ọ̀sán ọjọ́ kan péré lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú, pẹ̀lú sáńpépà, tínà àti òòlù, ti tó láti bà á jẹ́ kọjá àtúnṣe. Àwọn tí mo rí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tún wọn ṣe pọ̀ ju èyí tí ìpáàrà jẹ lọ. Ó ń dùn mí, torí kò sí èyí tí kò ṣeé yẹra fún níbẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó

Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, ariwo sọ ní Saudi Arabia pé mẹ́kúrì pupa, ohun kan tí wọ́n ní ó níye lórí gan-an, wà nínú máṣíìnì Singer àtijọ́. Owó rẹ̀ fò sókè, àwọn kan ń béèrè tó 200,000 ríyàlì lórí ẹyọ kan, àwọn èèyàn ń gbé fóònù sún mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ láti fi dán an wò. Irọ́ gbuu ni. Irin àti igi ló wà níbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ìtàn yẹn wá bá yín, tó ní kí ẹ jẹ́ kóun là á wò, ẹ gba sikurudíráfà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ẹni tó ń tà á á ní, "Máṣíìnì yìí ti lé ní igba ọdún." Kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé: ọdún 1851 ni Isaac Merritt Singer gba ìwé àṣẹ lórí máṣíìnì tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọdún tí wọ́n fín sára pèlẹ́ẹ̀tì tó ń sún lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́, ọdún ìwé àṣẹ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe máṣíìnì náà. Nọ́ńbà tó wà lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíìlì ni kí ẹ wò. Tí kò bá ní lẹ́tà níwájú, wọ́n ti ṣe é kí ọdún 1900 tó dé. Tó bá jẹ́ EA, EB, EC tàbí irú wọn ló fi bẹ̀rẹ̀, Clydebank ní Scotland ló ti wá, láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1882, tí wọ́n sì tì pa ní 1980. Ilé iṣẹ́ náà tóbi débi pé ibùdókọ̀ ojú irin tó wà ládùúgbò yẹn ṣì ń jẹ́ Singer títí dòní. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀, ó ti ń ṣe ju mílíọ̀nù kan máṣíìnì lọ lọ́dún. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ orí nìkan kò fi sọ ọ́ di olówó gọbọi. Èyí tó pé pérépéré, tí ọnà ara rẹ̀ ò tíì pa rẹ́, ni kí ẹ fi owó yín rà.

Kí ló ń jẹ́ kó pé? Ẹ ṣí inú rẹ̀ wò. Singer 27 àti 28 (nọ́ńbà irú máṣíìnì ni) ní ṣọ́tù gígùn, ìyẹn ilé òwú ìsàlẹ̀, tó ń lọ síwájú sẹ́yìn, bọ́bìnì inú rẹ̀ tí a ń ká òwú sí sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Tí ṣọ́tù yẹn bá ti sọnù, kò sí bọ́bìnì roboto kankan lọ́jà tó lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ wá irú rẹ̀ gan-an. Ti Singer 15 yàtọ̀. Butterfly tó kún ọwọ́ àwọn télọ̀ wa, àwòkọ Singer 15 ni, nítorí náà bọ́bìnì Butterfly àti kéèsì rẹ̀ sábà máa ń bá a mu. Singer 66 àti 99 tún ní bọ́bìnì tiwọn. Ẹni tó bá ki bọ́bìnì tí kì í ṣe ti máṣíìnì bọ inú rẹ̀, òwú ló máa dì wẹ́lẹ́wẹ̀lẹ sí i lábẹ́, á wá máa pariwo pé máṣíìnì ti bàjẹ́.

Ẹ má sì ya orí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ lè fi ẹsẹ̀ ṣe tábìlì. Orí tó bá ti dá wà nílẹ̀ kì í pẹ́ dé ọwọ́ àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ̀mù.

Ìfọ̀mọ́ tó ń bó o láwọ

Ibí yìí ni máṣíìnì ti ń kú jù. Ọ̀dà dúdú ara Singer kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fọ́n sára mọ́tò. Bítúmẹ́ẹ̀nì, irú ohun dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì, wà nínú rẹ̀, inú ààrò ni wọ́n sì ti yan án kó tó le. Orí rẹ̀ ni wọ́n lẹ ọnà wúrà mọ́, irú bí àwòrán ẹranko Íjíbítì olójú èèyàn tó wà lára ọ̀pọ̀ Singer 27. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi ṣẹ́láàkì, irú fáníìṣì kan, bo gbogbo rẹ̀ ní tín-ínrín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ káfíńtà: sípíríìtì ni wọ́n fi ń yo ṣẹ́láàkì. Nítorí náà, ẹni tó da sípíríìtì sí àkísà, tó fi ń nu máṣíìnì, ìbora yẹn ló ń yọ́ kúrò. Wúrà á kọ́kọ́ pàwọ̀ dà, á funfun bíi fàdákà, lẹ́yìn náà á bá àkísà lọ. Kò sí ohun tó lè dá a padà. Tínà, asítóònù, àti omi ìnugíláàsì tó ní amóńíà, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Kẹrosíìnì dára fún irin inú, ẹ má ṣáà jẹ́ kó kan ọnà ara rẹ̀.

Òróró máṣíìnì gan-an ni ọṣẹ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tí ojú kì í tó. Tó bá dára, ẹ kán díẹ̀ sára àkísà rírọ̀, ẹ fi pa ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀, kí ẹ tó nù ún láìtẹ̀ ẹ́. Ìdọ̀tí pupa rẹ́súrẹ́sú ló máa ń jáde, èyí tí òróró àtijọ́ àti eruku ọyẹ́ para pọ̀ dì. Ẹ pààrọ̀ ojú àkísà, ẹ tún un ṣe. Ní ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ óò bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìlà ewé àti òdòdó tí ẹ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Tí àkísà bá ń gbé wúrà, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan á ní ó kúkú ti gbó, ẹ jẹ́ ká fọ́n ọ̀dà tuntun sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ibi tí ọwọ́ ìyá àgbà ti jẹ ọ̀dà lọ níwájú, níbi tó máa ń gbé aṣọ lé, ohun tí owó kò lè rà ni. Ọ̀dà tuntun á bo ọnà náà mọ́lẹ̀, á tún ṣàn wọ ihò tí a ń ro òróró sí. Bákan náà, ẹ má gbé sáńpépà tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírin sára àwọn irin tó ń dán. Níkẹ́ẹ̀lì tín-ínrín ló ń mú wọn dán. Tó bá ti bó kúrò, ìpáàrà ti ríbi wọlé. Ẹ rẹ wọ́n sínú kẹrosíìnì mọ́jú, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ wọ́n.

Tó bá gan, ẹ má bá a jà

Wíìlì kò yí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé kí wọ́n fi páláyà mú un, tàbí kí wọ́n gbé òòlù. Irin dídà ni ara máṣíìnì, kì í tẹ̀, ṣe ló máa ń ṣẹ́. Òróró tó ti gbẹ tó sì di oje ló sábà máa ń gan án, tàbí òwú tó wé mọ́ ẹ̀yìn wíìlì. Ẹ gbé e dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, ẹ ro kẹrosíìnì sí gbogbo ibi tí irin ti ń fara kan irin, kí ẹ wá fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ mì wíìlì náà díẹ̀, síwájú àti sẹ́yìn, kí ẹ tún ro òmíràn. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí nǹkan tó ń lé yín.

Tí ẹ bá tú wíìlì, ẹ óò rí wáṣà kékeré kan lẹ́yìn síkúrúù ńlá àárín rẹ̀, tó ní etí méjì nínú. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́. Wáṣà yìí ló ń jẹ́ kí wíìlì lè dá yí nígbà tí ẹ bá ń ká òwú sí bọ́bìnì. Tí ẹ bá dá a padà lódì, síkúrúù kò ní lè dé wíìlì dáadáa tàbí kó tú u sílẹ̀, ẹ óò sì rò pé inú rẹ̀ ló ṣẹ́. Ẹ yọ wáṣà náà, ẹ yí i ní ààbọ̀, ẹ dá a padà, ó parí.

Sikurudíráfà tó bá kéré ju ojú síkúrúù lọ á bó o. Singer ló ṣe ojú síkúrúù tirẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù onírin kò sábà wọ̀ ọ́. Ẹ má fi tipá dè é.

Òróró tí kò yẹ kó débẹ̀

Òróró ìdáná, àdín, òróró àgbọn: gbogbo wọn máa ń dì, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ irin. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ki jù, ó sì ń ba aṣọ jẹ́. WD-40 lè tú ohun tó ti gan, àmọ́ ẹ má fi ṣe òróró tí máṣíìnì á máa lò. Òróró máṣíìnì funfun ni kí ẹ rà, ẹ̀kán kan péré sí ihò kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn ti abẹ́ rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ télọ̀ kì í rántí.

Ti oníná, àti èyí tó ń bọ̀ láti òkè òkun

Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Amẹ́ríkà fi Singer 221 ránṣẹ́, kékeré tó fúyẹ́, tí wọ́n gbé jáde ní 1933. Ẹ ti kì í bọ ojú iná ná? Ẹ dúró. Fóòtì 110 sí 120 ni iná Amẹ́ríkà, tiwa jẹ́ 230 sí 240. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò rẹ̀ kí mọ́tò tó jóná mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ lè nílò tiransifọ́mà. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sábà ní ìṣòro yìí. Síbẹ̀, ẹ wo wáyà: rọ́bà tó bo wáyà àtijọ́ máa ń sán tó sì ń wó dànù, ó lè gbé èèyàn. Ẹ jẹ́ kí oníná pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì da òróró sínú mọ́tò.

Ẹni tó ń kó o láti London kò gbọ́dọ̀ fi orí máṣíìnì sílẹ̀ lórí àpótí onígi tó jókòó lé nínú páálí. Tí páálí bá ṣubú, orí á já kúrò lára ìdè rẹ̀, á fọ́ igi, òun náà á sì ṣẹ́. Ẹ tú orí kúrò, ẹ fi aṣọ nínípọn wé e lọ́tọ̀, ẹ di i mọ́ ìsàlẹ̀ páálí kó má lè mì.

Kí ẹ tó dá tẹ́ńṣọ̀n lẹ́bi

Abẹ́rẹ́ ni ó ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣòro ìránṣọ sílẹ̀. Ojú tó tẹ́jú lára ọ̀pá abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ kọ sí ibi tí ṣọ́tù wà. Kì í ṣe gbogbo máṣíìnì ló kọ sí ẹ̀yìn bíi ti àwọn ìgbàlódé. Ẹ gbé fúùtù tó ń tẹ aṣọ sókè kí ẹ tó fa òwú sí tẹ́ńṣọ̀n, ìyẹn àwo méjì tó ń fún òwú, torí tí fúùtù bá wà nílẹ̀, àwo méjèèjì á ti pa pọ̀, òwú kò sì ní wọlé. Wíìlì Singer, ọ̀dọ̀ yín ni kí ẹ máa yí i sí. Ẹni tó ń yí i sódì ló ń rí òwú tó dì. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti tọ́, ẹ lè wá yí síkúrúù tẹ́ńṣọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ máa rán àkísà, ìlà lórí ìlà, títí tí òróró tó ṣẹ́kù lórí abẹ́rẹ́ kò fi ní yọ mọ́, kí ẹ tó gbé léèsì gidi sábẹ́ rẹ̀.