Tí Laptop Bá Ń Gbóná Jù: Ohun Tẹ́ ẹ Lè Ṣe Nílé àti Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Tún Un Ṣe n'Íbàdàn

Laptop tó bá ń gbóná, tí fáànù rẹ̀ ń pariwo, tó ń falẹ̀, tó sì ń kú lójijì láàárín iṣẹ́, ẹ má tíì sọ pé ó ti bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà eruku ni. Fáànù kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń fẹ́ ooru jáde gba àárín irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní heatsink, tí eruku bá ti dí àárín irin yẹn ooru ò rọ́nà gbà mọ́, processor, ìyẹn ọpọlọ laptop, á wá dín eré ẹ̀ kù kó má baà jóná, ìdí tó fi ń falẹ̀ nìyẹn, tó bá sì ti ń sún mọ́ 100°C ó máa pa ara ẹ̀ ni.

Ẹ sì mọ eruku ìlú wa yìí, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìyẹ lápá Ẹgbẹ́dá, tẹ́ ẹ ń fi laptop ṣàkọsílẹ̀ ẹyin àti oúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa lò ó nínú sítọ́ọ̀ tẹ́ ẹ ń kó fíìdì sí, lẹ́búlẹ́bú fíìdì máa ń lẹ̀ mọ́ fáànù pinpin.

Nílé, orí bẹ́ẹ̀dì ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ihò tó fi ń mí, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà, tẹ́ ẹ bá gbé e lé tìmùtìmù ẹ ti dí i nímú nìyẹn. Tábìlì ni kẹ́ ẹ gbé e lé, ẹ lè fi ìdérí ìgò méjì ti ẹ̀yìn ẹ̀ sókè kí atẹ́gùn ráyè kọjá. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kì í bọ báàgì, ẹ ṣọ́t dáùn ẹ̀ pátápátá, ẹ má kàn pa á dé, ó lè jí nínú báàgì kó máa gbóná lọ.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí gan-an ni bátìrì. Tí ìsàlẹ̀ laptop bá wú, tàbí tí ibi tẹ́ ẹ fi ń darí máòsì ń ga sókè, bátìrì ló wú yẹn. Ẹ yọ ṣájà kíá, ẹ pa á, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e jìnnà síbi táwọn ọmọ ń sùn, torí ó lè gbiná. Kò sí pé ẹ máa ṣì máa lò ó títí owó oṣù á fi wọlé.

Àwọn tó ń tún un ṣe wà ní Queen Cinema, ní Ìwó Road, àti Àgbowó níwájú UI. Ẹ sọ pé sáfísìn lẹ fẹ́: kó tú u, kó fọ eruku kúrò lára fáànù àti heatsink, kó nu thermal paste (ìpara tó ń gbé ooru láti ara processor lọ sára heatsink) tó ti gbẹ, kó fi tuntun sí i, ìwọ̀nba ni o. Ẹni tí ò tíì tú u tó ti ń sọ pé motherboard, pátákó ńlá inú ẹ̀, ló lọ, ẹ gbé laptop yín ẹ máa lọ. Ẹ dá iye owó kó tó fọwọ́ kàn án. Kẹ́ ẹ ti kó fáìlì yín sórí flash, kẹ́ ẹ jáde nínú email àti báńkì yín, kẹ́ ẹ kọ serial number ẹ̀ sílẹ̀, tí àyè bá sì wà ẹ jókòó tì í.

Kẹ́ ẹ tó sanwó tán, ẹ fi wo fídíò bí ìṣẹ́jú 20, kẹ́ ẹ wá gbọ́wọ́ síbi tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Tí atẹ́gùn gbígbóná bá ń tú jáde dáadáa, ó ti ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ tí ara ẹ̀ bá ń gbóná tí atẹ́gùn kankan ò jáde, ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀, kó tún tú u.